Wọ́dà lu àbúrò mi ní àhámọ́: ṣé ẹlẹ́wọ̀n lè pe wọ́dà lẹ́jọ́?

Aládìrẹ Ìtòkú:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ bú mi. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní àhámọ́ láti oṣù kẹjọ, wọn ò tíì dá ẹjọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé láfún àti ewédú lọ fún un. Nígbà tó jáde sí wa, apá òsì ẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi, eyín iwájú ẹ̀ kan ti lọ. Ó ní àwọn wọ́dà wá tú sẹ́ẹ̀lì wọn lóru, wọ́n ń wá fóònù, wọ́n ní òun ló mọ ẹni tó ni ín. Àwọn mẹ́ta dì í mú, wọ́n fi kóńdó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n gbé ìwé kan fún un pé kó fọwọ́ sí i pé ṣe lòun yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ó fọwọ́ sí i. Màmá wa ní ká fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bùọ̀dá wa àgbà ní ká dúró dìgbà tó bá jáde. Ọkọ mi ní ẹlẹ́wọ̀n ò lẹ́nu. Mo sì ń rí i lórí fóònù pé l'Amẹ́ríkà, ẹlẹ́wọ̀n máa ń pe wọ́dà lẹ́jọ́ gba owó ńlá. Ṣé ó ṣeé ṣe níbí, àbí owó ọjà mi ni mo fẹ́ fi jóná?

* * *

Akọ̀wé Ìsàbọ̀:

Ẹ lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn síwájú ná, torí láìpẹ́ ọ̀rọ̀ máa pọ̀ níbí débi tí ẹ ò ní rí ìdáhùn yín mọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe akọ̀wé lọ́ọ́fíìsì lọ́yà nílùú Abẹ́òkúta yìí kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ìsàbọ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì ní ṣe bíi lọ́yà fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ ara mi tẹ ìwé ìbúra fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n, mo sì ti gbé ìwé kóòtù dúró ní gẹ́ẹ̀tì ọgbà ẹ̀wọ̀n láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Ásárì, tí wọ́n ń sọ pé ọ̀gá tó máa gbà á ò tíì dé.

Ọkọ yín ní ẹlẹ́wọ̀n ò lẹ́nu. Gbogbo ìlú ló ń sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ sì ni. Abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí iyì, pé wọn ò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró, wọn ò sì gbọdọ̀ ṣe é bí ẹran. Wọn ò kọ "àfi ẹlẹ́wọ̀n" síbẹ̀. Abala 46 ní ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ ẹ̀ lójú lè gba Kóòtù Gíga lọ. Òfin 2019 tó sọ ilé ẹ̀wọ̀n di ọgbà àtúnṣe tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún àwọn wọ́dà fúnra wọn. Kóòtù lè ní kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé, kò ní kí wọ́n bó o láwọ. Ti àbúrò yín tilẹ̀ tún yàtọ̀, kò sí adájọ́ tó tíì dá a lẹ́bi ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n gbogbo òfin yìí lè dúró di ọ̀la. Òru ọjọ́ wo ni wọ́n lù ú, ọjọ́ mélòó ló ti kọjá? Ẹ dá mi lóhùn ìyẹn kílẹ̀ tó ṣú.

* * *

Aládìrẹ Ìtòkú:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó ní òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀ ni. Òní ti di ọjọ́ kẹfà.

* * *

Akọ̀wé Ìsàbọ̀:

Ọjọ́ kẹfà. Ẹ gbọ́, ìwòsàn ni ọ̀tá irú ẹjọ́ yìí. Mo mọ̀ pé kò dùn létí, ṣùgbọ́n bí apá yẹn bá ṣe ń sàn lẹ̀rí yín ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Lọ́yà wa gbé dókítà kan lọ wo ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ní òun náà ṣubú ní balùwẹ̀ (balùwẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n mà máa ń yọ̀ o). Èmi ni mo gbé báàgì ìwé tẹ̀ lé wọn. Dókítà ní kí ọmọ náà bọ́ sí ibi tí oòrùn ti ràn, torí lára dúdú bíi tiwa, ojú ẹgba kì í pọ́n bó ṣe ń pọ́n lára òyìnbó, iná sẹ́ẹ̀lì ò lè fi í hàn. Ó tẹ apá ẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀, ó wá pè mí pé kí n wò ó. Ilà méjì ni, wọ́n jọ ń lọ lọ́gbọọgba bí ojú irin Láfẹ́ńwá, àárín wọn mọ́. Dókítà ní bí ọ̀pá róbótó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ibi tí ọ̀pá bà gan-an, ẹ̀jẹ̀ á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òun ló ń fi ilà méjì sílẹ̀. Ilẹ̀ balùwẹ̀ kì í fa ilà méjì síni lára.

Ó wá sọ fún ọmọ náà pé, "Gbé ọwọ́ sókè bíi pé mo fẹ́ lù ẹ́." Ọmọ náà gbé e bo orí. Gbogbo ojú ilà yẹn, láti ìgunpá dé ọrùn ọwọ́, ló kọjú sókè síbi tí ọ̀pá ti máa wá. Dókítà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ya apá náà sórí ìwé, ó wọn ilà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà, ó kọ ọjọ́ àti aago sí i.

Ìwé kan ṣoṣo yẹn lágbára ju gbogbo gírámà tí lọ́yà wa sọ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì sígbà yẹn, apá náà ti ń dán bíi ti èmi àti ẹ̀yin.

Nítorí náà, lónìí, kẹ́ ẹ tó wá lọ́yà rárá, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tó ń darí ọgbà náà pé ẹ fẹ́ kí dókítà tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá wo àbúrò yín. Òfin 2017 tó lòdì sí ìdánilóró fún ẹni tó wà ní àhámọ́ láàyè láti bèèrè dókítà tí òun fúnra ẹ̀ yàn. Àyíká ọ̀rọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n kọ ìyẹn sí, wọ́n lè jà yín níyàn lórí ẹ̀, ẹ ṣáà kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiyín. Tí wọ́n bá kọ̀ láti gbà á, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ̀ àti aago tó kọ̀ sẹ́yìn ìwé náà. Ẹ mú ẹ̀dà kẹta lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wọn kì í gbowó.

Kí ẹ̀yin gan-an sì jókòó lálẹ́ òní kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí ní Sátidé. Ẹ má kọ "wọ́n lù ú gan-an". Apá wo? Eyín èwo, lókè tàbí nísàlẹ̀? Ṣé ó lè di síbí mú? Ta lẹ jọ lọ? Aago mélòó lẹ kọ orúkọ sínú ìwé àlejò ní gẹ́ẹ̀tì? Ìwé àlejò yẹn, ẹ rántí ẹ̀, mo máa padà sórí ẹ̀.

* * *

Akọ̀wé Ìsàbọ̀:

Mo lọ jẹun, mo dé, mo bá èèyàn mẹ́rin tí wọ́n ti gbè sẹ́yìn Bùọ̀dá àgbà: ẹ dúró kó jáde ná. Ẹ má bú wọn, ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lásán, bíi ti aládùúgbò tó fọ́ yín lórí, òfin àtijọ́ kan tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba ò fún yín ju oṣù mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu ọ̀nà ti pa dé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú òfin yẹn tí ọ̀pọ̀ lọ́yà kì í kà dé: tó bá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ti dá lẹ́bi ni nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, ó lè pẹjọ́ láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹ ẹ̀ rí i pé Bùọ̀dá ò purọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó ṣì ń dúró de ìdájọ́ ńkọ́? Èmi ò ní fi àbúrò tèmi dán an wò.

Ọ̀nà kejì ló dára jù fún yín, ìyẹn ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lábẹ́ abala 46. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2009 tí wọ́n ti gbé ìlànà tuntun jáde fún un, kò sí pé ọjọ́ ti lọ. Ẹ lè pè é lọ́dún mẹ́ta sí i.

Ó dáa, òfin lè dúró. Ta ló kù tó máa dúró? Àwọn tí wọ́n jọ wà ní sẹ́ẹ̀lì lóru yẹn, ọ̀kan á gba béèlì, wọ́n á gbé èkejì lọ sí ọgbà mìíràn, wọ́n á fún ẹ̀kẹta ní nǹkan lábẹ́lẹ̀, ó máa ní òun sùn lọ. Ìwé kílíníìkì á kún, wọ́n á kó o sí àjà, eku á bá wọn ka ìyókù. Ẹ pẹjọ́ nígbà tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yìí lẹ máa kó ẹ̀rí jọ.

* * *

Bàbá Ọlọ́gbà:

Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe wọ́dà, mo ti fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé, ìwọ tò ń jókòó sábẹ́ fáànù, o ò mọ ohun tójú ń rí. Wọ́dà mélòó ló ń ṣọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn lóru? Wọ́n ti fi abẹ ya èmi lápá rí, kò sẹ́ni tó bá mi pe ẹlẹ́wọ̀n lẹ́jọ́. Fóònù tẹ́ ẹ rò pé nǹkan kékeré ni yẹn, òun ni wọ́n fi ń lu jìbìtì láti inú sẹ́ẹ̀lì, òun ni wọ́n fi ń pe ọmọ ìta. Tá ò bá lo agbára, ẹ máa gbọ́ pé ẹ̀wọ̀n já, ẹ̀yin náà lẹ ó tún máa bú wa.

* * *

Akọ̀wé Ìsàbọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Bàbá. Apá tí wọ́n ya yẹn, ó dùn mí dọ́kàn, n ò sì ní bá yín jiyàn pé iṣẹ́ yẹn le.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́dà má lo agbára rárá. Ìlànà tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fi orúkọ Mandela pè, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2015, gba wọ́dà láàyè tó bá ń gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ikú, tí ẹnì kan bá fẹ́ sá, tàbí tí ẹlẹ́wọ̀n bá fi ara tako àṣẹ tó bófin mu. Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan méjì tì í: agbára náà ò gbọdọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́dà sì gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún ọ̀gá ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ bá mi dáhùn. Tí ọmọ yìí bá gbéjà ko àwọn mẹ́ta lóru yẹn, ìjábọ̀ wọn dà? Ìwé tó yẹ kó wà nílẹ̀ ni "ó yọ abẹ sí wa, a fi kóńdó gbà á lọ́wọ́". Kí wá ni ti balùwẹ̀? Ẹni tó ní ìdí láti lu èèyàn kì í sọ pé balùwẹ̀ ló lù ú. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni lọ́yà tó bá mọṣẹ́ ti máa ń dì wọ́n mú. Tí wọ́n bá ní ó ṣubú, wọn ò lè tún padà sọ lọ́la pé ó fẹ́ pa wọ́n. Ọ̀kan ni kí wọ́n mú.

Aládìrẹ, fún ìdí yìí, ìwé tí àbúrò yín fọwọ́ sí ò gbọdọ̀ bà yín lẹ́rù jù. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín nínú ìwé ìbúra kí wọ́n tó sọ ọ́: ta ló gbé e wá, ta ló dúró tì í, ṣé ó lè fi ọwọ́ yẹn mú bírò dáadáa.

* * *

Akọ̀wé Ìsàbọ̀:

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sókè pé mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń há fún ẹlẹ́wọ̀n lọ́hùn-ún. Ọ̀gá mi fẹ́ràn láti máa ka ẹjọ́ wọn sí wa létí, ọ̀kan ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Keith Hudson, ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń pè ní Angola, ìpínlẹ̀ Louisiana. Ní oṣù Kẹwàá 1983, wọ́dà méjì ń mú un lọ, ọwọ́ ẹ̀ wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ náà wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ni wọ́n bá ń lù ú lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ọ̀gá wọn dúró níbẹ̀ ń wò wọ́n, ohun tó kàn sọ ni pé kí wọ́n má gbádùn ara wọn jù. Ojú ẹ̀ wú, eyín ẹ̀ mì, eyín àtọwọ́dá tó ní sán. Ó pẹjọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n dá fún un? $800. Kóòtù kejì tún gba ìyẹn náà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní ọgbẹ́ ẹ̀ ò pọ̀ tó. Ó di 1992 kó tó dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án wá sọ pé kò dìgbà tí egungun bá ṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá wọ́dà lo agbára láti mú kí nǹkan tòrò nínú ọgbà, tàbí láti fìyà jẹ èèyàn lásán.

Ó lé ní ọdún mẹ́jọ lórí $800. Láti 1996 sì tún ni wọ́n ti ṣòfin pé ẹlẹ́wọ̀n wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sùn nínú ọgbà, kó sì tẹ̀ lé e dópin, kó tó lè dé kóòtù ìjọba àpapọ̀. Tó bá pẹ́ ọjọ́ díẹ̀ péré, ó lè tán síbẹ̀. Lórí ìyẹn, tiwa tilẹ̀ sàn. Kò sí irú ẹ̀ nínú ìlànà 2009 wa.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án ni pé ẹnì kan nínú yín ti sọ pé "ṣebí eyín kan ló lọ". Eyín kan tó.

* * *

Akọ̀wé Ìsàbọ̀:

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù láti àárọ̀: ṣé ọmọ Ẹ̀gbá kankan ti pe ìjọba lẹ́jọ́ rí lórí irú ìyà báyìí?

Ẹ rìn wá sí Ìsàbọ̀, ẹ wo ilé àwọn Ransome-Kuti tó ti di mùsíọ́mù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, àwọn sọ́jà ya bo ilé Fẹlá l'Ékòó, wọ́n lu èèyàn, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n ju ìyá ẹ̀, Fúnmiláyọ̀, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá kú ní oṣù Kẹrin 1978. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́, ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìdájọ́ jáde ní 1985. Wọ́n pàdánù. Òfin kan tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ní ọba kì í ṣẹ̀, pé ìjọba ò ní í dáhùn fún ohun tí sọ́jà ẹ̀ ṣe, òun ló sì ṣì wà nílẹ̀ lọ́dún 1977. Ìwé òfin 1979 ló gé e kúrò.

Ọba kì í ṣẹ̀! Nílẹ̀ Ẹ̀gbá! Níbi tí ìyá yìí kan náà àti àwọn ìyá ọlọ́jà ti fi orin lé Aláké kúrò láàfin ní 1949 nítorí owó orí. (Kábíyèsí padà wá o, kẹ́ ẹ má bàa ní mo bu ìtàn jẹ.)

Ohun méjì ló kàn yín níbẹ̀. Lónìí, ẹ lè kọ orúkọ ìjọba àpapọ̀ sára ìwé ìpẹ̀jọ́ láìbẹ̀rù òfin ọba yẹn. Èkejì ni pé ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ ilé Fẹlá ní sọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ṣe é. Tí ẹ ò bá mọ orúkọ wọ́dà mẹ́ta yẹn, irú ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbà nìyẹn. Ẹ bi àbúrò yín: kí ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ọgbà? Ìnagijẹ náà ṣe é lò. Èwo ló dúdú, èwo ló ń tiro, èwo ló ní ilà, ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ òru Ọjọ́rú? Kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n gbé ìwé iṣẹ́ alẹ́ náà wá.

* * *

Aládìrẹ Ìtòkú:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ lẹ́tà, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Màmá ń sunkún. Wọ́n ní tá a bá pẹjọ́, wọ́n á pa á síbẹ̀.

* * *

Akọ̀wé Ìsàbọ̀:

Ẹ̀rù Màmá kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Mo mọ ẹnì kan tó ní kí a fa ẹjọ́ ẹ̀ yọ nígbà tó di oṣù kejì. Kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án. Wọ́n kàn ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ ní gẹ́ẹ̀tì pé "àkókò ti lọ, ẹ wá lọ́la", ní gbogbo ìgbà tó bá wá. Ìyẹn nìkan ló mú un juwọ́ sílẹ̀.

Àwọn kan níbí ní ká ṣe é ní kọ̀rọ̀. Èmi ò gbà. Ẹlẹ́wọ̀n tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ni nǹkan ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń lọ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kó di méjì, kí ẹlòmíì sì máa tẹ̀ lé yín, pásítọ̀ tàbí àáfà, ẹni tí wọ́n máa kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ máa kọ orúkọ sínú ìwé wọn nígbà gbogbo. Kí lọ́yà yín sì bẹ kóòtù, nínú ìwé kan náà, pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọgbà mìíràn títí ẹjọ́ á fi parí. Ọ̀nà á jìn sí i fún yín, owó mọ́tò á pọ̀ sí i. Ẹ bá Màmá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kò pọn dandan kí àbúrò yín fúnra ẹ̀ búra. Ìlànà 2009 ní tó bá wà ní àhámọ́, ẹlòmíì tó mọ ọ̀rọ̀ náà, tàbí tí òun fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún, lè búra dípò ẹ̀. Ẹ̀yin nìyẹn. Àjọ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ èèyàn náà lè pè é lórúkọ ẹ̀. Ìwé ni wọ́n sì fi ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí jù, kò ní máa dúró sí kóòtù lójoojúmọ́.

* * *

Akọ̀wé Ìsàbọ̀:

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí ìwé àlejò.

Ọmọ tí dókítà ya apá ẹ̀ yẹn. Mi ò ní dárúkọ ọgbà náà, mi ò ní dárúkọ kóòtù. Àwọn wọ́dà gbé ìwé ìbúra tiwọn wá, ó gún régé: ó ṣubú ní balùwẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ báyìí báyìí, a tọ́jú ẹ̀ ní kílíníìkì wa lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n lè fi hàn pé olójú àánú làwọn, wọ́n so ẹ̀dà ìwé kílíníìkì mọ́ ọn. Èmi ni mo ń ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀ fún fáìlì wa. Mo ń to ìwé, mo ń to ìwé, ojú mi bá bọ́ sórí ẹ̀. Paracetamol, ojú apá wíwú, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ méjì kó tó ṣubú ni wọ́n ti ń tọ́jú ibi tó fi ṣubú.

Mo pe ọ̀gá mi. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó tún kà á. Ìwé àlejò gẹ́ẹ̀tì wá fi hàn pé ìyá ọmọ náà wá ní Ọjọ́rú, ìyá sì ti búra pé apá náà wú lọ́jọ́ tóun wá. Tí ìwé ìbúra méjì bá ń lu ara wọn, irú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ nítorí ẹjọ́ báyìí ni adájọ́ máa ń wò.

A jàre. Adájọ́ dá owó gbà-má-bínú fún un, ó sì ní kí wọ́n tọrọ àforíjì. Owó náà ńkọ́? Títí mo fi kúrò lọ́ọ́fíìsì yẹn, kò rí kọ́bọ̀. Láti fọwọ́ kan owó ìjọba tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, abala 84 nínú òfin tó wà fún un ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba, ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá ṣẹjọ́ gan-an nígbà míì. Àwọn kan sọ síbí pé nítorí ìyẹn kò yẹ kí ẹnikẹ́ni da ara ẹ̀ láàmú. Mo gbọ́. Ọmọ yẹn kúrò nínú ọgbà náà láàárín oṣù kan tí a pẹjọ́, wọ́n sì gbé wọ́dà tó lù ú kúrò nídìí sẹ́ẹ̀lì. Ìyá ẹ̀ ò bèèrè owó lọ́wọ́ wa rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè kóòtù wo: iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn lọ́yà tí mo bá ṣiṣẹ́ máa ń gbé e lọ sí Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta níbí, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìjiyàn agbára kóòtù jẹ wọ́n lọ́jọ́. Àwọn wọ́dà náà lórúkọ, ọ̀gá ọgbà, ọ̀gá wọn ní ìpínlẹ̀, ọ̀gá wọn pátápátá l'Ábùjá, àti Agbẹjọ́rò Àgbà. Ẹ má da ọ̀rọ̀ béèlì pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má da ti ẹjọ́ tó gbé e débẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Mo ti rí èyí tí kóòtù dà nù nítorí pé ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹni náà ti di àfikún lásán nínú àròyé tó gùn bí ìrìn àjò Sokoto. Tí kò bá sí owó lọ́yà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àjọ Legal Aid, ìjà ẹ̀tọ́ báyìí wà nínú iṣẹ́ tí òfin 2011 gbé fún wọn. Ẹ tún bèèrè ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi àwọn mẹ́ta náà sẹ́wọ̀n, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, ìjọba ló ń pè é. Òfin 2017 ní ó lè tó ọdún 25, àṣẹ ọ̀gá ò sì ṣe é fi gba ara ẹni sílẹ̀. Ẹ lè kọ ìwé ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi dúró de tiyín.

* * *

Bàbá Ọlọ́gbà:

Akọ̀wé, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ti ìjábọ̀ yẹn, òótọ́ lo sọ, wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ìyá aládìrẹ, ìwé kan tún wà tí Akọ̀wé ò mọ̀. Tí wọ́n bá tú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ sílẹ̀. Kí lọ́yà yín bèèrè ẹ̀. Tí kò bá sí fóònù kankan nínú ẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń lu ọmọ lé lórí.

* * *

Aládìrẹ Ìtòkú:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n, dókítà wọlé lónìí. Wọn ò jẹ́ kó mú fóònù wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó mú bírò àti ìwé. Ó ní ojú irin yẹn ti ń pòórá, àmọ́ òun rí ọ̀kan dáadáa àti ìdajì èkejì. Ó ti kọ ọ́, ó ti fọwọ́ sí i. Ọ̀gá kílíníìkì wọn náà fún un ní ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà. Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí.

* * *

Akọ̀wé Ìsàbọ̀:

Ẹ má ká a, ẹ má fi bírò kàn án. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹni tí kì í gbé ilé yín.

Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sókè ẹ̀?